Àpapọ̀ Owó Ni Kí Ẹ Bèèrè: Bí Àwọn Dílà Ọkọ̀ Ṣe Ń Bu Owó Lé Owó ní Amẹ́ríkà

Ọmọ Yorùbá mọ ọjà ná. Bí a bá dé Gbági ní Ìbàdàn, ẹni tó ń ta aṣọ á pe iye tó wù ú, àwa náà á gé e sí ìdajì, a ó ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ, yóò pè wá padà, títí a ó fi dé ibi tó tẹ́ tọ̀tún-tòsì lọ́rùn. Bó bá sì ti gbà, ó parí nìyẹn. A ó san owó, a ó gbé aṣọ. Kò sí ẹni tí yóò yọ sí wa láti ẹ̀yìn ìsọ̀ pé owó ọ̀rá ṣì kù, pé owó ẹni tó ká aṣọ ṣì kù, pé owó ìwé tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ṣì kù.

Àṣà yìí ni púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa gbé wọ ọ̀dọ̀ àwọn dílà ọkọ̀ ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti Atlanta. Wọ́n á ná Camry tàbí Highlander láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n á já $1,500 kúrò lórí rẹ̀, ẹni tó ń tà á á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, á kí wọn kú oríire, ọkàn á sì balẹ̀. Ibi tí wọ́n rò pé ọjà parí sí yẹn gan-an ni iṣẹ́ dílà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí owó tí àwọn èèyàn wa ń pàdánù níbẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Owó iṣẹ́ alẹ́ ni, owó ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, tó ń wa Uber ní òpin ọ̀sẹ̀, tó sì tún ń fi owó ránṣẹ́ sílé.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Láyé ìgbà kan, ẹni tó ń ta ọkọ̀ nìkan ló mọ iye tí ọkọ̀ jẹ́. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè wo iye Corolla kan náà lọ́dọ̀ dílà mẹ́wàá lórí fóònù rẹ̀ kí omi tó hó. Èrè orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti wá tẹ́ẹ́rẹ́, èrè sì ṣí lọ síbi tí ojú oníbàárà kò tó: inú ìwé, inú èlé, inú àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara gíláàsì. Gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló ní ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Monroney. Orúkọ Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney ti ìpínlẹ̀ Oklahoma ni, nítorí òun ló wà nídìí òfin tó gbé ìwé náà kalẹ̀ lọ́dún 1958. Òfin náà ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ iye tí wọ́n dá lé e, iye àwọn ohun tí wọ́n fi kún un, àti owó tí wọ́n fi gbé e láti ilé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ dílà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a kúrò títí ọkọ̀ yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Owó ìgbékọ̀ yẹn, tó sábà máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là, ti wà nínú àpapọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé náà. Bí ẹ bá tún bá a pàdé níbòmíràn nínú ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ gbà á.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ Monroney dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kejì máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ó jọ àkọ́kọ́, fífẹ̀ rẹ̀ á bá a mu, lẹ́tà rẹ̀ á jọra, débi pé ẹni tí kò fara balẹ̀ á rò pé ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Dílà ló tẹ ìyẹn fúnra rẹ̀. Lórí rẹ̀ lẹ máa rí náítírójìn inú táyà, nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n fín sára gíláàsì nítorí olè, ohun tí wọ́n fi pa ara ọkọ̀ kó lè máa dán, àti èyí tí wọ́n fún sí àga kí ọbẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náítírójìn yìí máa ń dùn mí gan-an. Atẹ́gùn tí à ń mí símú lọ́fẹ̀ẹ́, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ náítírójìn, òun náà ló sì wà nínú táyà gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ lójú títì. Ẹ̀wẹ̀, nígbà mìíràn ìlà kan máa ń wà nínú ìwé kejì yìí tí kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. “Market adjustment” ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn àrùn Kòrónà, nígbà tí ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n ní 2021 àti 2022, ìlà yẹn nìkan lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Dílà á ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti wà lára ọkọ̀ kí ẹ tó dé, kò sì sí bí òun ṣe lè yọ wọ́n kúrò. Òótọ́ ni pé kò lè yọ náítírójìn kúrò nínú táyà. Ṣùgbọ́n ó lè yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ìwé, ojú ẹsẹ̀ ló sì máa ń yọ ọ́ bó bá rí i pé oníbàárà ti dìde lórí àga.

Lẹ́yìn náà ni owó ìwé, tí wọ́n ń pè ní doc fee. Òun ló ń tan àwọn èèyàn wa jù, nítorí àárín owó orí àti owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, èèyàn á sì gbà pé ìjọba ló ni ín. Kò sí kọ́bọ̀ ìjọba nínú rẹ̀. Dílà ló ń gbà á fún ìwé tí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kọ. Ní California, òfin kò jẹ́ kó kọjá $85. Ní Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí bí ewé, $800 ni òfin fi ṣe òpin rẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2024. Ní Florida kò sí òpin kankan, kò sì ṣòro láti rí dílà tó ń gba nǹkan bíi $1,000. Bí ìwé kan náà bá jẹ́ $85 lápá kan, tó wá di $1,000 lápá kejì, a mọ̀ pé kì í ṣe iye iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà. Florida gan-an kò fi bò: òfin ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di dandan kí dílà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìnáwó òun àti èrè òun ló wà nínú owó náà. Òfin yẹn tún ní iye tí wọ́n bá fi polówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti ní owó yìí nínú. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Miami ní $24,000, tó débẹ̀ tí wọ́n ní owó ìwé ṣì kù, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n á sọ fún yín pé gbogbo oníbàárà làwọn ń gba owó ìwé lọ́wọ́ wọn, àwọn kò lè yọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n yọ iye kan náà kúrò lórí ọkọ̀, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí a ti kà pọ̀. Ká ní $24,000 ni ẹ jọ fẹnu kò sí. Ká ní owó ìwé jẹ́ $899, náítírójìn àti gíláàsì jẹ́ $599, ohun ìpara àti ti àga jẹ́ $1,995. Ọkọ̀ ti di $27,493 kí owó orí ìjọba tó gorí rẹ̀, $1,500 tí ẹ fi odidi ọ̀sán já kúrò sì ti padà sọ́dọ̀ dílà ní ìlọ́po méjì. A ò sì tíì dé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó.

Yàrá kejì ni ti ẹ̀yáwó wà. Ẹni tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó fi ọkọ̀ hàn yín. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó múra dáadáa, kì í pariwo. Wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ ti lò nínú ilé náà, ebi ń pa àwọn ọmọ, wọ́n sì ti fọ ọkọ̀, wọ́n ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ojú yín ti ń wò ó. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ tà, iye oṣooṣù ló máa fi pè é. Kò ní sọ pé wáráńtì àfikún yìí jẹ́ $2,000. Yóò ní $36 péré ló máa fi kún owó oṣù, ó sì lè béèrè pé ṣé $36 ni ẹ fẹ́ torí rẹ̀ fi ẹ̀mí ọkọ̀ wewu. Ẹ fi 72 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí oṣù méjìléláàádọ́rin lẹ máa fi san án: nǹkan bíi $2,600 ni, torí èlé, ká ní ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ti gorí $2,000 yẹn. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá yẹn ti ra ọkọ̀ àlòkù kan fún dílà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni kò dára. Adójútòfò tí wọ́n ń pè ní GAP, fún àpẹẹrẹ, máa ń san ìyàtọ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nígbà tí gbèsè orí rẹ̀ ṣì ju iye ọkọ̀ lọ. Ẹni tí kò san nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ lè nílò rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ti ń bójú tó ọkọ̀ yín, tàbí credit union, sábà máa ń tà á ní owó tó kéré sí ti dílà. Ohun tó burú ni irọ́ tí wọ́n máa ń pa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì ní kírẹ́dìtì: pé báńkì kò ní yá a lówó àfi bó bá ra wáráńtì. Òfin Truth in Lending ti 1968 ní bí ẹni tó ń yáni lówó bá sọ ohun kan di dandan, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò èlé tí wọ́n ń fi han oníbàárà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé báńkì ló sọ ọ́ di dandan. Ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tí yóò kọ ọ́.

Owó tó fara pamọ́ jù lọ kò tilẹ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé kankan. Dílà á fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí báńkì, báńkì á ní òun lè yá yín ní èlé 7%. Dílà lè kọ 9% síwájú yín, kí òun àti báńkì pín ìdá méjì tó lé, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀, nítorí 9% nìkan lẹ máa rí. Lórí $25,000 tí èèyàn fẹ́ fi oṣù 72 san, 7% á jẹ́ kó máa san $426 lóṣù, 9% á sọ ọ́ di $450 àti sẹ́ńtì díẹ̀. Nǹkan bíi $24 ni ìyàtọ̀ rẹ̀ lóṣù, kò jọ nǹkan kan. Nígbà tí gbèsè bá fi parí, ó ti lé ní $1,750.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa adúláwọ̀ wà lákọọ́lẹ̀. Lọ́dún 1991, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin Ian Ayres tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn dílà agbègbè Chicago. Ó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n á ṣe náwó lọ́nà kan náà, ó rán aláwọ̀ funfun àti adúláwọ̀, ọkùnrin àti obìnrin, lọ ra irú ọkọ̀ kan náà. Aláwọ̀ funfun ọkùnrin ni wọ́n pe iye tó kéré jù fún, obìnrin adúláwọ̀ ni wọ́n pe èyí tó wọ́n jù fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ gba $98 mílíọ̀nù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ayánilówó Ally, nítorí àfikún èlé tí àwọn dílà ń kọ lórí ẹ̀yáwó rẹ̀ wúwo lórí adúláwọ̀, àwọn Hispanic àti ọmọ Éṣíà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn tó kàn lé ní 235,000. Lọ́dún 2022, àjọ Federal Trade Commission, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FTC, àti ìpínlẹ̀ Illinois gba $10 mílíọ̀nù lọ́wọ́ Napleton, ẹgbẹ́ dílà ńlá kan. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń yọ́ owó nǹkan tí oníbàárà kò béèrè wọnú ìwé, àti pé èlé tí adúláwọ̀ ń san níbẹ̀ fi nǹkan bíi $190 ju ti aláwọ̀ funfun lọ, owó àfikún sì fi $99 jù ú lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá rò pé òun nìkan ni wọ́n ń fojú di nítorí ohùn òun jọ ti ará ilé, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti fi ẹ̀rí hàn pé ìfura rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn.

Ìjọba gbìyànjú láti dá a dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, FTC gbé òfin kan jáde tí wọ́n pè ní CARS Rule, pé kí dílà máa polówó iye tí èèyàn máa san ní tòótọ́, kó má sì gba owó ohun tí oníbàárà kò fọwọ́ sí. Àwọn ẹgbẹ́ dílà gbé e lọ sílé ẹjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ẹkùn karùn-ún fagi lé e. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé ó dára kí èèyàn máa fi owó pamọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé FTC fo ìgbésẹ̀ kan nínú ètò ṣíṣe òfin. Ìpínlẹ̀ California wá ṣe irú òfin náà fún ara rẹ̀ lọ́dún 2025, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2026 ni wọ́n sì dá fún un. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó kù, ojú yín ni ọlọ́pàá yín.

Kí wá ni ṣíṣe? Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí credit union tàbí báńkì yín, kí wọ́n sọ iye èlé tí wọ́n lè fi yá yín lówó, kí ẹ mú ìwé rẹ̀ dání. Bí dílà bá lè rí èyí tó kéré sí i, ẹ gbà á. Bí kò bá lè rí i, ẹ ti ní tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí dílà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní irú ọkọ̀ náà, kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: àpapọ̀ owó tí ẹ máa san kí ọkọ̀ tó jáde lẹ́nu géètì, owó orí, nọ́ńbà, owó ìwé àti gbogbo àfikún nínú rẹ̀. “Out-the-door price” ni wọ́n ń pè é, gbogbo dílà ló mọ̀ ọ́n. Ẹ má dáhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ fẹ́ máa san lóṣù. Ìbéèrè yẹn ni ọ̀nà tí gbogbo owó tí mo ti ń kà bọ̀ yìí ń gbà wọlé, nítorí bí wọ́n bá ti mọ̀ pé apá yín ká $500 lóṣù, wọ́n lè fa oṣù gùn títí ohunkóhun á fi gbà nínú rẹ̀. Òun nìkan náà ni mo rí tó ń ba ọgbọ́n ìnájà wa jẹ́. Ẹni tó mọ ọjà ná kì í ná owó oṣù, iye ọjà ló ń ná.

Bí ẹ bá ti wá dé inú yàrá kejì, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé fún yín. Ọ̀pọ̀ dílà ti ń lo kọ̀ǹpútà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì báyìí, tí èèyàn ń fi ìka buwọ́ lù, ojú ìwé kan á kọjá, òmíràn á dé, máníjà á sì máa sọ pé ìyẹn kò ṣe pàtàkì. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ “amount financed” sí, kí ẹ fi wé àpapọ̀ tó wà nínú ímeèlì yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó tí ẹ san sílẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ tọ́ka sí ìyàtọ̀ náà. Ẹ má tìjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òfin fún àwọn ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá ọkọ̀ padà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọjọ́ mẹ́ta ti FTC kò kan ọkọ̀ tí èèyàn rà nínú ọgbà dílà. Àmọ́ wáráńtì àfikún àti GAP sábà máa ń ṣeé fagi lé lẹ́yìn tí ẹ ti buwọ́ lù wọ́n, ìyókù owó rẹ̀ á sì padà sórí gbèsè ọkọ̀. Ẹni tí wọ́n tà á fún lóṣù tó kọjá lè mú ìwé rẹ̀ jáde lálẹ́ òní kó wá ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń fagi lé e sí.

Àwọn tó ń ra ọkọ̀ ní gbàǹjo bíi Copart láti fi ránṣẹ́ sí Èkó, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n bákan náà. Iye tí wọ́n fi borí ẹlòmíràn níbẹ̀ kì í ṣe iye ọkọ̀: owó ẹni tó rà á wà, owó géètì wà, owó ìgbọ́kọ̀sí ń gorí ara rẹ̀ lójoojúmọ́ bí wọn kò bá tètè gbé e, kí a tó wá sọ ti ẹni tó máa wọ́ ọ dé èbúté, ti ọkọ̀ òkun, ti kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti àwọn ẹni tó ń bá wọn gbà á jáde. Ẹni tó wà nílé ni wọ́n máa ń sọ owó àkọ́kọ́ nìkan fún, ìjà ẹbí sì ń tibẹ̀ wá. Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, ní apá 115, ní ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ fi iye ọjà hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Àjọ FCCPC ló ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí rẹ̀.

Ohun tí mo wá fẹ́ bẹ ẹ̀yin èèyàn mi ni pé kí ẹ má ṣe fi í ṣe àṣírí mọ́. A máa ń gbé ọkọ̀ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, kò sì sí ẹni tó ń sọ iye tí òun san gan-an tàbí èlé tí wọ́n kọ sí i. Ẹ sọ ọ́ fún àbúrò yín tó fẹ́ lọ rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ ẹ̀sùn sí FTC lórí ReportFraud.ftc.gov, kí ẹ kọ òmíràn sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yín. Ọ̀fẹ́ ni. Púpọ̀ jù lọ nínú $10 mílíọ̀nù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Napleton ni wọ́n pín padà fún àwọn oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ.